Bí a ṣe ń wọn àìlera iṣan lára ọmọ tó ní Duchenne, ká lè mọ oògùn tó ń ṣiṣẹ́

Ọmọ ọdún márùn-ún tó ní Duchenne, àrùn àbímọ́ tó ń ba iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣì ń dàgbà. Egungun rẹ̀ ń gùn, ọpọlọ rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń sáré àti bí a ṣe ń fò, àwọn iṣan tí àrùn kò tíì jẹ sì ń nípọn sí i. Lákòókò kan náà, àrùn yẹn ń ba fọ́nrán iṣan jẹ́ lójoojúmọ́. Ìdàgbàsókè ń fa agbára ọmọ sókè, àrùn ń fà á sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ náà fi lè gba máàkì tó ga ju ti èṣí lọ nínú ìdánwò agbára, tí ìdílé rẹ̀ á sì gbà pé ara rẹ̀ ti ń yá, nígbà tó jẹ́ pé ìdàgbàsókè ló ṣì ń borí. Nígbà tó bá tó ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje, àrùn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í borí, máàkì á sì máa já wálẹ̀.

Àwọn físíò, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìwádìí tó ń wọn agbára ọmọ la kọ ìlànà yìí fún, àti òbí tó fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń ní kí ọmọ òun dìde nílẹ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́fà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú jù ni pé iye tí ẹ kọ sílẹ̀ lónìí kò ní láárí bí ohun tó yí i ká kò bá rí bó ṣe rí nígbà tó kọjá. Oògùn tó dára lè dà bí asán lọ́wọ́ ẹni tó wọn ọmọ láìfarabalẹ̀, oògùn asán náà sì lè dà bí iṣẹ́ ìyanu.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun

Muscular dystrophy kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ àrùn àbímọ́ tó ń mú kí iṣan máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, Duchenne ló sì wọ́pọ̀ jù láàárín ọmọdé. Orí kúrómósómù X ni jíìnì rẹ̀ wà, nítorí náà ọmọkùnrin ló ń mú jù. Jíìnì yìí ni ara fi ń ṣe dystrophin, èròjà tí wọ́n dá mọ̀ ní 1987, tó ń so ohun inú fọ́nrán iṣan mọ́ awọ fọ́nrán náà. Níbi tí kò bá ti sí dystrophin, awọ yẹn á máa ya bí iṣan ti ń ṣiṣẹ́, kálísíọ̀mù á máa rọ́ wọlé, fọ́nrán á kú, ọ̀rá àti àpá á sì gba ipò rẹ̀.

Ẹ rí i dájú pé èsì àyẹ̀wò jíìnì wà nínú fáìlì ọmọ, kó má jẹ́ pé wọ́n kàn fojú wò ó ni. Jíìnì náà ní abala 79 tí wọ́n ń pè ní exon, ibi tí àléébù wà nínú wọn ló sì ń sọ oògùn tó lè bá ọmọ mu. Kí àyẹ̀wò jíìnì tó dé, CK inú ẹ̀jẹ̀, èròjà tó ń jò jáde látinú iṣan tó bàjẹ́, ló ń kọ́kọ́ fọhùn: ó máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀, torí pé ALT àti AST, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, wà nínú iṣan pẹ̀lú, wọ́n sì ń jò jáde bí iṣan bá ń bàjẹ́. Wọ́n á wá máa wá àrùn ẹ̀dọ̀ tí kò sí. Bí ALT àti AST bá ga lára ọmọkùnrin, tí GGT, èròjà ẹ̀dọ̀ tí kì í ti inú iṣan wá, wà bó ṣe yẹ kó wà, ẹ ní kí wọ́n wọn CK kí ẹnikẹ́ni tó gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ ọmọ náà wò.

Ẹ mọ ibi tí àìlera ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Iwájú ọrùn, ìbàdí, itan àti èjìká ló ń kọ́kọ́ rẹ̀. Ìka ọwọ́ ló ń pẹ́ jù. Ẹ̀yìn ojúgun ọmọ náà lè tóbi, kó le, kó dà bí ti eléré ìdárayá. Kí ìyẹn má tàn yín jẹ: ọ̀rá àti àpá pọ̀ nínú rẹ̀.

Yàrá, ohun èlò àti ọjọ́ ìdánwò

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó le, tí kì í yọ̀. Ẹ fi téèpù sàmì sí mítà 10 fún eré, kẹ́ ẹ sì fi àyè tó tó mítà 2 sílẹ̀ lẹ́yìn àmì ìparí kí ọmọ má bàa dẹ ẹsẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ tún nílò ọ̀nà mítà 25 pẹ̀lú kóònù méjì fún ìrìn ìṣẹ́jú 6. Àpótí tí ọmọ máa gùn gbọ́dọ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 15. Àga gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ ọmọ máa tẹlẹ̀ lórí rẹ̀, tí ìbàdí àti orúnkún á ká ní ìwọ̀n 90. Bí ọmọ bá ti ga sí i, ẹ pààrọ̀ àga. Ẹ fi ẹní tín-ín-rín sílẹ̀, èyí tí kò rọ̀ débi tí ẹsẹ̀ á fi rì. Aago ìkàsẹ́kọ́ńdì, dynamometer (ẹ̀rọ tó ń wọn agbára iṣan) tí a ń fọwọ́ dì mú, ohun tí a fi ń wọn ìká oríkèé, àti spirometer fún èémí ló kù.

Kí ọmọ bọ́ bàtà, kó wọ ṣòkòtò péńpé, kí ẹ lè rí orúnkún àti ìbàdí rẹ̀. Kó má wọ àmúró ẹsẹ̀.

Wákàtí kan náà lọ́jọ́ ni kẹ́ ẹ máa lò, ẹni kan náà ni kó máa wọn ọmọ bó bá ṣeé ṣe, ìdánwò kan náà ni kó máa ṣáájú. Ẹ kọ àkókò tí ọmọ lo steroid, oògùn tí wọ́n fi ń fa ọwọ́ àrùn yìí sẹ́yìn, sílẹ̀, àkókò tó jẹun, àti bóyá ibà ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bí ọmọ bá ń gba prednisone, ọ̀kan lára àwọn steroid, fún ọjọ́ 10 tó sì ń sinmi ọjọ́ 10, ẹ kọ ọjọ́ tó wà nínú ìyípo náà, nítorí ìwọ̀n ọjọ́ kẹwàá oògùn àti ti ọjọ́ kẹwàá ìsinmi lè má jọ ara wọn. Ìdánwò tó nílò agbára tí kò tíì rẹ̀ ni kó ṣáájú, èyí tó ń tán èémí bí ìrìn ìṣẹ́jú 6 ni kó kẹ́yìn.

NSAA àti ìdìde nílẹ̀

North Star Ambulatory Assessment, NSAA, ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ń lò fún ọmọ tó ṣì ń rìn. Iṣẹ́ 17 ló wà nínú rẹ̀: dídúró, rírìn, dídìde lórí àga, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, gígun àpótí àti sísọ̀kalẹ̀, dídìde jókòó, dídìde nílẹ̀, gbígbé orí, dídúró lórí gìgísẹ̀, fífò, títa ẹsẹ̀ kan àti sísáré mítà 10. Èyí tó bá jẹ mọ́ ẹsẹ̀ kan, ẹ máa ń wọn ọ̀tún àti òsì lọ́tọ̀. Bí ọmọ bá ṣe é bó ṣe yẹ láìsí ìrànlọ́wọ́, máàkì 2. Bó bá dá ọgbọ́n sí i kó tó lè ṣe é, máàkì 1. Bí kò bá lè dá a ṣe, 0. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 34.

Ojú àárín, ìyẹn máàkì 1, ni àwọn awọnniwò ti ń ṣe ìyàtọ̀ jù. Ẹ wo ìdìde nílẹ̀. Ọmọ á dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ nínà, apá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, láìsí ìrọ̀rí. Bó bá dìde láìyí ojú sílẹ̀ tí kò sì fọwọ́ ti itan, 2 ni. Bó bá yí dojú kọ ilẹ̀ tàbí tó fọwọ́ gun orúnkún àti itan kó tó lè nà ró, 1 ni, kódà bó ṣe é kíákíá. Bó bá di àga tàbí ògiri mú, 0 ni. Òbí tó jókòó nítòsí lè na ọwọ́ láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti lè tó ọmọ. Nínú eré mítà 10, ohun tó ya 2 sọ́tọ̀ kúrò lára 1 ni bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú lásán máa ń ṣìnà níbẹ̀, ẹ ya fídíò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ fi aago mú ìdìde nílẹ̀ àti eré mítà 10. Ẹ tẹ aago nígbà tí ara ọmọ bá kọ́kọ́ mira, kì í ṣe nígbà tí ẹ ní “ó yá”; ẹ dá a dúró nígbà tó bá nà ró tán tí ọwọ́ sì ti kúrò lára itan. Ìwádìí àtijọ́ ti fi hàn pé ọmọ tí eré bíi mítà 10 ń gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 9 lọ sábà máa ń pàdánù ìrìn láàárín ọdún méjì. Bó bá ti lé ní 12, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọdún kan. Ọ̀rọ̀ tó wúwo nìyẹn. Ẹ má sọ ọ́ fún òbí ní ẹnu ọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iye ṣe ìṣirò, ẹ sọ àkókò di ìyára: ẹ fi àkókò pín 1. Ọmọ tó fi ìṣẹ́jú àáyá 4 dìde ní 0.25, tó bá di 5, ó di 0.20, tó bá di 20, ó di 0.05. Ọmọ tí kò lè dìde mọ́ á gba 0, ó sì ṣì wà nínú ìwádìí. Bí ẹ bá dúró lórí àkókò nìkan, kò sí iye tí ẹ lè kọ fún un, ẹ ó yọ ọ́ kúrò, oògùn á sì dà bí èyí tó dára jù bó ti rí lọ nítorí pé àwọn tó burú jù ti jáde kúrò nínú ìṣirò.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò ni pé máàkì NSAA kì í ṣe ìwọ̀n tí ààlà rẹ̀ dọ́gba. Máàkì kan láàárín 33 àti 34 fẹ̀ ju máàkì kan láàárín 17 àti 18 lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ìwọ̀n kan tó yí 0 sí 34 padà sí 0 sí 100, tí ààlà inú rẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá ń fi ẹgbẹ́ ọmọ méjì wéra, ẹ lo ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kò lè ta ẹsẹ̀ kan, nítorí náà ẹ má ka 0 ibẹ̀ sí àìlera fún ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ìrìn ìṣẹ́jú 6

Ènìyàn méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan di aago àti ìwé mú, èkejì ń tẹ̀ lé ọmọ lẹ́yìn ní bí ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì, kó lè gbé e bó bá ṣubú. Ẹni ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ ṣáájú tàbí kó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ọmọ á máa bá a dọ́gba ìgbésẹ̀. Nínú ìdánwò àgbàlagbà, gbólóhùn díẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Fún ọmọ Duchenne, ẹ máa gbà á níyànjú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ọkàn ọmọ kékeré máa ń yà sí nǹkan mìíràn. Àmọ́ ẹ kọ àwọn gbólóhùn náà sílẹ̀ kí gbogbo ọmọ gbọ́ ohun kan náà. Kó rìn kíákíá, kó má sáré.

Bó bá ṣubú, aago kì í dúró. Bó bá lè dá dìde, kó dá dìde. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ gbé e, kó máa lọ bó bá fẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 6, ẹ ka ìrìn tó pé, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25, ẹ fi ìyókù kún un. Ìrìn 14 àti mítà 12 jẹ́ mítà 362.

Ìyàtọ̀ bíi mítà 30 ni àwọn olùwádìí sábà máa ń kà sí pàtàkì. Àmọ́ ọmọ tó bínú lè pàdánù mítà 30, ọmọ tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún náà lè jèrè rẹ̀. A kò fọwọ́ sí kí ẹnikẹ́ni fi ìrìn ìṣẹ́jú 6 kan ṣoṣo pinnu bóyá oògùn dára tàbí kò dára.

Dynamometer

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ọwọ́ dán agbára wò láti 0 sí 5 kò tó fún ìwádìí. Ọmọ lè pàdánù apá tó pọ̀ nínú agbára itan rẹ̀ kó ṣì wà ní 4, torí pé 4 fẹ̀ jù. Dynamometer ń kọ agbára ní Newton, ó sì ń rí ohun tí ọwọ́ kò rí.

Fún itan, ọmọ á jókòó sórí tábìlì gíga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, orúnkún ní 90, ọwọ́ méjèèjì lórí itan rẹ̀. Kó má di etí tábìlì mú. Ẹ gbé ojú ẹ̀rọ sí iwájú ojúgun, lókè kókósẹ̀ díẹ̀. Ẹ ní kó máa tì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lo gbogbo agbára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5, nígbà tí ọwọ́ yín dúró gbagidi. Ẹ má tì í padà débi tí orúnkún á fi yẹ̀: iṣan tí wọ́n ń nà nígbà tó ń tiraka ni Duchenne ń bà jẹ́ jù. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún ìdánrawò, lẹ́yìn náà kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 láàárín wọn. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí èyí tó kéré jù bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí èyí tó tóbi jù, ọmọ kò tíì lóye tàbí ọwọ́ yín ló mì. Ẹ fi ẹ̀kẹrin kún un.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé jù rèé. Ẹ ti fi téèpù wọn ìwọ̀n láti ojú orúnkún dé àárín ojú ẹ̀rọ. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́fà tó wúwo tó kílógíráàmù 20 tì í pẹ̀lú Newton 60, ibẹ̀ sì jẹ́ mítà 0.22 sí orúnkún. Agbára yíyí orúnkún rẹ̀ jẹ́ 60 × 0.22, ìyẹn Nm (Newton-mítà) 13.2. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣì jẹ́ Newton 60, àmọ́ ẹsẹ̀ ti gùn, ibẹ̀ ti di mítà 0.25: ó di Nm 15.0. Ọmọ náà ti wúwo tó kílógíráàmù 24. Tí ẹ bá fi ìwúwo pín in, 0.66 ọdún tó kọjá di 0.625. Newton sọ pé nǹkan kò yí padà. Nm sọ pé agbára lọ sókè. Agbára lórí kílógíráàmù kan sọ pé ó lọ sílẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń ṣàlàyé ìdí tí àtẹ̀gùn fi ti ń nira fún un. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ẹni tó bá kọ Newton nìkan láìkọ gígùn àti ìwúwo ti dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ẹni tó máa ka fáìlì náà lẹ́yìn rẹ̀. Steroid ń mú ìwúwo pọ̀, nítorí náà ìṣirò yìí ṣe pàtàkì sí i fún ẹni tó ń lò ó.

Bí itan ọmọ bá lágbára ju apá yín lọ, apá yín lẹ ń wọn. Ẹ fi okùn so ẹ̀rọ mọ́ ohun tí kò lè mì.

Ẹ tún wọn ìká ọrùn ẹsẹ̀ pẹ̀lú orúnkún nínà. Bí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bá ti le, ọmọ kò ní lè dúró lórí gìgísẹ̀, máàkì NSAA á já, bẹ́ẹ̀ iṣan rẹ̀ lè má tíì rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láìsí ìwọ̀n yìí, ẹ ó ka líle oríkèé sí àìlera.

Ọmọ tí kò rìn mọ́

Ìwádìí kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi nìyẹn. Fún apá, ẹ lo Performance of Upper Limb, ẹ̀dà 2.0. Iṣẹ́ 22 ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ máàkì 42: èjìká 12, ìgúnpá 17, ọwọ́ àti ìka 13. Ìbéèrè àkọ́kọ́, tó ń fi ọmọ sí ìpele 0 sí 6, ni yóò sọ ibi tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀, nítorí èjìká lè ti lọ nígbà tí ìka ṣì wà digbí.

Èémí ni èkejì. FVC ni iye afẹ́fẹ́ tí ọmọ lè tú jáde lẹ́yìn tó bá ti fà á tán pátápátá. Ọmọ á jókòó, imú rẹ̀ á wà ní dídì, ẹ ó wọn ọ́n títí ẹ ó fi rí mẹ́ta tó dára, èyí tó ga jù méjì kò sì gbọ́dọ̀ fi ju mìlílítà 150 yàtọ̀ síra. Ìṣòro ìdàgbàsókè tún wà níbí: lítà lè máa pọ̀ sí i nígbà tí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó yẹ ọmọ gíga yẹn ti ń já wálẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́ kò ṣeé wọn gíga rẹ̀. Ẹ wọn egungun ìsàlẹ̀ apá láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, kí ẹ fi ṣírò gíga. Bí FVC bá ti já sísàlẹ̀ 50%, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ èémí òru ti dé. Bí agbára ikọ́ kò bá tó lítà 270 ní ìṣẹ́jú kan, ọmọ nílò ìrànlọ́wọ́ láti wúkọ́, àgàgà bí òtútù bá mú un.

Ọkàn náà jẹ́ iṣan. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ àti apá mú un kúrò lọ́kàn yín: àyẹ̀wò ọkàn ọdọọdún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti mọ àrùn náà.

MRI àti ẹ̀rọ ẹsẹ̀

MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ní irú kan tí wọ́n ń pè ní Dixon, tó ń ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá, ó sì ń sọ ìdá ọ̀rá tó wà nínú iṣan kọ̀ọ̀kan. Ẹwà rẹ̀ ni pé ìfẹ́ inú ọmọ kò kàn án. Ọ̀rá lè máa pọ̀ sí i nínú itan nígbà tí NSAA ṣì dúró tàbí tó ń lọ sókè pàápàá. Ṣùgbọ́n ibi kan náà lórí itan ni kẹ́ ẹ máa wò. Kì í ṣe sẹ̀ǹtímítà kan náà láti orúnkún o, ìdá kan náà nínú gígùn egungun itan ni, torí egungun ń gùn, ọ̀rá kò sì pọ̀ bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ iṣan.

Ẹ̀rọ kékeré tí ọmọ ń wọ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ nílé ń wọn ìyára ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iye tí wọ́n ń mú níbẹ̀ ni SV95C, ìyára tó ya ìgbésẹ̀ 5% tó yá jù sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù gbà á ní 2019 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àtìlẹ́yìn, wọ́n sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àkọ́kọ́ ní 2023. Inú wa dùn sí i, nítorí ilé ni ọmọ ń gbé, kì í ṣe yàrá ìdánwò. Bí ọmọ kò bá wọ̀ ọ́ fún wákàtí tó pọ̀ tó, ẹ má lo èsì náà.

Ohun tí wíwọn ti fi hàn nípa oògùn

Steroid ni ìpìlẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1989, pẹ̀lú ọmọkùnrin 103, fi hàn pé prednisone ń mú agbára pọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, àti pé mìlígíráàmù 0.75 fún kílógíráàmù kan lójúmọ́ tó, ìlọ́po méjì rẹ̀ kò ṣe jù bẹ́ẹ̀. Ti deflazacort, steroid mìíràn, jẹ́ 0.9. Ìwádìí FOR-DMD tó jáde ní 2022 tẹ̀ lé ọmọ 196 fún ọdún mẹ́ta: lílò ojoojúmọ́ dára ju lílò ọjọ́ 10 kí wọ́n sì sinmi ọjọ́ 10 lọ. Ewu rẹ̀ pọ̀, egungun ẹ̀yìn lè fọ́, ọmọ lè máà ga, ìwúwo lè pọ̀. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ara á ti gbàgbé bí a ṣe ń pèsè tirẹ̀, ìyẹn sì lè pa ọmọ. Bí ọmọ bá ń bì tí kò lè gbé oògùn náà mì, ọ̀ràn pàjáwìrì ni.

Vamorolone gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní Oṣù Kẹwàá 2023; ìyára ìdìde nílẹ̀ ni ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí ìdánwò rẹ̀ dúró lé. Givinostat tẹ̀ lé e ní Oṣù Kẹta 2024, gígun àtẹ̀gùn mẹ́rin ni tirẹ̀. Eteplirsen, tó ń mú kí ara fo exon 51 bó bá ń ka jíìnì náà, ti gba àṣẹ láti 2016 lórí dystrophin díẹ̀ tí wọ́n rí nínú iṣan, kì í ṣe lórí ohun tí ọmọ lè ṣe, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì tán.

Èyí tó kọ́ni jù ni ìtọ́jú jíìnì delandistrogene moxeparvovec, tó kọ́kọ́ gba àṣẹ ní Oṣù Kẹfà 2023. Nínú ìdánwò EMBARK, ọmọ ọdún 4 sí 7 ni wọ́n mú, NSAA ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 52, àwọn tó gba ìtọ́jú àti àwọn tí kò gbà á ló lọ sókè, ìyàtọ̀ wọn kò sì tó láti fi jẹ́rìí. Ìdìde nílẹ̀ àti eré mítà 10 ló fi ìyàtọ̀ díẹ̀ hàn. Ẹ rántí ọjọ́ orí yẹn: ìgbà tí ìdàgbàsókè ṣì ń borí ni. Ní 2025, àwọn ọmọkùnrin méjì tí kò rìn mọ́ kú nítorí ẹ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ìtọ́jú náà. Ẹni tó bá ń ṣètò ìdánwò tuntun gbọ́dọ̀ pín ọmọ sí ẹgbẹ́ nípa ọjọ́ orí, irú steroid àti ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ́ kan á kún fún àwọn tó ń gòkè, èkejì fún àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró

Bí ìtọ̀ ọmọ bá dúdú bíi tíì lẹ́yìn ìdánwò, iṣan ti fọ́ jù, kíndìnrín sì wà nínú ewu. Dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ lójúmọ́ kan náà. Bó bá ṣubú tó ṣèṣe, tó sì wá ń dàrú lọ́kàn tàbí tí èémí rẹ̀ ń yára, ẹ má dúró de ọ̀la: ọ̀rá láti inú egungun lè ti wọ ẹ̀jẹ̀. Bí ìwádìí bá nílò kí wọ́n gé iṣan wò, ẹni tó máa kun ọmọ lóorun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Duchenne ni, kó má lo succinylcholine, oògùn tó ń dẹ iṣan, kó sì yẹra fún oògùn oorun tí a ń fà símú.

Ìwé tí ẹ ń kọ ọ́ sí

Ẹ má jẹ́ kí 0 àti àlàfo dà pọ̀. Ọmọ tó gbìyànjú tí kò lè ṣe é gba 0. Ọmọ tó kọ̀, tó sunkún, tó dá ẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tàbí tí àkókò kò tó fún, ẹ kọ “kò ṣe é” kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ níwájú. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹni tó ń ṣe ìṣirò kò ní rí ojú ọmọ náà, ìwé yín nìkan ló máa rí. Kí ọmọ tó kúrò ní yàrá ni kẹ́ ẹ wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí ohun tó bá sọnù níbẹ̀ kò ṣeé wọn lọ́la.